Ọkọ́ Mùkáílà àti Gbòǹgbò Àgbàdo

Kùdírátù kò tíì ká ẹní ìrun òwúrọ̀ nílẹ̀ tí ó fi gbọ́ ìró irin lára òkúta ní ẹ̀yìnkùlé. Mùkáílà ọkọ rẹ̀ ni ó tún ń pọ́n ọkọ́. Láti ìgbà tí àgbàdo ti yọ lórí ilẹ̀ ni ọkùnrin náà kò ti jẹ́ kí ọkọ́ yìí sinmi, bẹ́ẹ̀ ni ara òun fúnra rẹ̀ kò balẹ̀. Bí ó bá jókòó ti oúnjẹ, ojú ọ̀nà ni yóò máa wò. Bí ó bá dìde, yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà, yóò padà, yóò tún jáde, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká tí yóò sì kọrí sí oko.

Àìbalẹ̀ ara náà ti ran ìyàwó rẹ̀. Ibi tí Kùdírátù ti gbá ní àgbàlá ni ó tún ń gbá. Ó gbé omi kaná, ó gbàgbé ohun tí ó fẹ́ fi omi náà ṣe.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Télọ̀ ni Mùkáílà. Àbíjàn ni ó ti ń rán aṣọ láti ìgbà tí Àmínátù àkọ́bí wọn ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí ọdún iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò dé sí Ẹ̀jìgbò pẹ̀lú ẹrù. Kí àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n lójú dáadáa, ọkọ̀ àwọn ará Àbíjàn yóò ti tún gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kéde lórí rédíò pé kí tọmọdé tàgbà padà sí oko, Mùkáílà sọ pé òun náà yóò gbìyànjú. Bàbá Bùràímọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ olórí ẹbí, fún un ní ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń dá oko sí ní ọ̀nà Isundunrin. Mùkáílà sì ṣe ìlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé bí àgbàdo ọdún náà bá ṣe dáadáa, òun kò ní lọ mọ́. Bí kò bá sì ṣe dáadáa, kí ó má ṣe dá òun dúró.

Nítorí náà, kì í ṣe àgbàdo lásán ni Kùdírátù máa ń wò bí ó bá dé oko. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò.

Àgbàdo náà kò sì dára. Nígbà tí ti àwọn aládùúgbò tutù yọ̀yọ̀, tí ó ti ń kan àyà ènìyàn, tiwọn kò ga ju orúnkún lọ. Etí ewé rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n. Láìpẹ́, ewé náà di aláwọ̀ àlùkò, bí ẹni pé wọ́n po aró àti osùn pọ̀ tí wọ́n fi kùn ún.

Mùkáílà kò ṣe ọ̀lẹ. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, bí kò bá jẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ jù, ọ̀rọ̀ náà ì bá má dé ibi tí ó dé. Nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé díẹ̀, Bàbá Bùràímọ̀ wá bẹ oko wò. Ó rí koríko níhìn-ín, ó rí koríko lọ́hùn-ún. Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Mùkáílà, ṣé abẹ́rẹ́ ni o fi ro oko yìí ni?"

Àwọn tí ó tẹ̀lé e bú sẹ́rìn-ín. Mùkáílà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi ọkọ́ wá koríko kiri títí dé ìdí àgbàdo gan-an. Kò họ ilẹ̀ lórí lásán. Ó ń gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, ó ń yí erùpẹ̀ padà, ó sì ń wọ́ ọ jọ sí ìdí àgbàdo bí ẹni tí ó ń kọ ebè iṣu. Oko náà mọ́ bí àgbàlá mọ́sálásí. Bí àwọ̀ àlùkò ti ń pọ̀ sí i lára ewé ni òun náà ń ro ó sí i, nítorí ó gbà pé ìmọ́tótó oko ni oògùn rẹ̀. Ó tún gba ajílẹ̀ oyìnbó aláwọ̀ eérú tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní súpà, ó sì wọ́n ọn sórí ilẹ̀ bí a ti ń wọ́n iyọ̀ sórí ẹran. Òjò rọ̀ sí i. Kò sí ohun tí ó yí padà.

Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo Jímọ́ọ̀, ọmọ Bàbá Bùràímọ̀, ẹni tí ó ti ń lo ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gbà á fún Mùkáílà. Bí Jímọ́ọ̀ bá kí i, ó ń dáhùn láti inú imú. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ilẹ̀ tí ó so àgbàdo fún ẹlòmíràn lánàá kò lè ṣàdédé kọ̀ fún òun lónìí. Ọwọ́ ènìyàn ni ó wà níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí à ń wí yìí, ó fi ọkọ́ ti ara ògiri, ó sì sọ ohun tí ó ti pinnu. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀ ni ọkọ̀ Àbíjàn yóò ṣí. Òun yóò tu òtílí, irú ẹ̀wà tí ó ń ga bí igi, tí Kùdírátù gbìn yí etí oko ká, nítorí Bàbá Bùràímọ̀ ti sọ pé ó sọ oko di igbó. Lẹ́yìn èyí ni òun yóò tu àgbàdo, kí òun lè dá ilẹ̀ padà fún olórí ẹbí ní mímọ́. Kò ní fi àgbàdo àlùkò sílẹ̀ kí Jímọ́ọ̀ máa fi òun ṣe ẹlẹ́yà.

Kùdírátù kò jiyàn. Ó sọ pé òun ń lọ sí Isundunrin láti kí ẹnì kan. Ẹni náà ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ìjọba rán sí agbègbè Ẹ̀jìgbò, ẹni tí ó ń pàdé àwọn àgbẹ̀ ní Isundunrin ní ọjọ́ náà. Ó gbé kèrègbè omi dání, ó yà sí oko, ó fa igi àgbàdo kan tu, ó fi ewé ẹ̀kọ wé e, ó sì fi ẹsẹ̀ kíákíá gba ọ̀nà.

Ó bá ọkùnrin náà lábẹ́ igi, ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ti ń yan igi ẹ̀gẹ́ tí a óò gbìn. Aláìfẹ́-ìranù ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì. Ẹni tí ó bá ń sùn níbi ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó lè fi igi ẹ̀gẹ́ tọ́ ọ nímú. Kùdírátù kúnlẹ̀ kí i, kò sì dúró kí ẹ̀kọ́ parí. Ó tú ewé náà níwájú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì yí àgbàdo náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ìdí rẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ ni ẹ fi fà á tu?"

"Ọwọ́ ni, ọ̀gá."

"Nígbà náà, ewé ni ẹ gbé wá fún mi. Ibi tí àìsàn wà ni ẹ fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀."

Ó ní òun yóò wá wo oko náà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kùdírátù dáhùn pé bí ó bá di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kò ní rí àgbàdo, kò sì ní rí àgbẹ̀. Ọkùnrin kan nínú àwọn tí ó jókòó da ọ̀rọ̀ náà sí àwàdà. Ó bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó ará Àbíjàn bóyá àgbàdo ni ó ń ṣàìsàn tàbí ọkọ rẹ̀.

Kùdírátù ní, "Àwọn méjèèjì ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀kọ́ náà tì síbẹ̀, ó sì gbé alùpùpù rẹ̀. Ó ní kí Kùdírátù gun ẹ̀yìn rẹ̀. Kùdírátù kọ̀, ojú wo ni òun yóò fi wo ará Ẹ̀jìgbò bí wọ́n bá rí ìyàwó Mùkáílà lẹ́yìn ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀? Ó júwe oko náà fún un, ó ní kí ó máa lọ. Bí alùpùpù náà ti bọ́ sí ọ̀nà tán ni ó kábàámọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò dé bá Mùkáílà nínú oko láìsí ẹni tí yóò fi wọ́n mọ ara wọn. Ó di gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó sì ń sáré rìn, omi inú kèrègbè ọwọ́ rẹ̀ ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

Ohun tí ó bẹ̀rù gan-an ni ó bá. Mùkáílà ti tu apá kan òtílí náà, èyí tí ó tu sì sùn gbọọrọ sílẹ̀. Òun àti Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì dojú kọ ara wọn, ọkọ́ sì wà lọ́wọ́ Mùkáílà. Bàbá Bùràímọ̀ tí ariwo wọn fà wá láti oko tirẹ̀ dúró sí àárín, ó ń fi ọ̀pá ya wọ́n. Mùkáílà rò pé awọnlẹ̀ ni àjèjì náà, pé Jímọ́ọ̀ ni ó rán an kí ó wá wọn ilẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí òun yóò lọ.

Kùdírátù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Ó ní, "Bàbá Àmínátù, èmi ni mo pè é. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tu èyí tí ó kù, ẹ jẹ́ kí ó wo ìdí rẹ̀."

Mùkáílà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Bàbá Bùràímọ̀. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Dàkọ́ọ̀," ni ó wí. Ọ̀rọ̀ Faransé tí àwọn ará Àbíjàn fi ń gbà fún ènìyàn ni. Ó máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí inú rẹ̀ kò bá dùn.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rìn yí oko ká, ó dúró lẹ́bàá òtílí tí wọn kò tíì tu. Àgbàdo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtílí yìí ga ju ìyókù lọ, ewé rẹ̀ sì tutù. Mùkáílà kò lè fi ọkọ́ dé ibẹ̀ dáadáa, nítorí òtílí dí i lọ́nà. Gbogbo wọn ti ń rí i láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí ó fà á.

Ó ní kí Mùkáílà fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ yí igi àgbàdo kan ká níbẹ̀, kí ó jìnnà sí ìdí rẹ̀, kí ó sì gbé e jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí òmíràn ní àárín oko. Wọ́n fi omi kèrègbè ṣan erùpẹ̀ kúrò lára méjèèjì díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tẹ́ wọn sórí ewé.

Gbòǹgbò ti àkọ́kọ́ tàn kálẹ̀ bí irun orí tí wọ́n tú. Ó ní àwọn tí ó nípọn, ó ní àwọn tẹ́ẹ́rẹ́, lára àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn mìíràn tún wà tí ó fẹ́lẹ́ ju òwú ìránṣọ lọ. Ti èkejì kúrú. Etí rẹ̀ bára dọ́gba bí ẹnu ìgbálẹ̀ tí a fi ọ̀bẹ gé.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì bèèrè pé, "Ta ni ó gé èyí?"

Mùkáílà wo gbòǹgbò náà, ojú rẹ̀ sì lọ sí ara ọkọ́ tí ó jù sílẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́, ìgbà yìí ni Kùdírátù kọ́kọ́ rí i tí ó jókòó láìwo ọ̀nà.

Nígbà náà ni òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn náà wá là á yé wọn. Ó ní oúnjẹ kan wà tí irúgbìn kò lè ṣe aláìjẹ bí ó bá fẹ́ ta gbòǹgbò, kí ó dàgbà, kí ó sì yọ ọmọ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni orúkọ rẹ̀. Àgbàdo kékeré tí kò bá rí i jẹ ni ewé rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ àlùkò.

Bàbá Bùràímọ̀ bèèrè pé ṣé ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun kò ní oúnjẹ náà ni, ilẹ̀ tí ó ti bọ́ gbogbo wọn.

"Ó ní in, Bàbá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ yìí kì í rìn. Ajílẹ̀ oyìnbó funfun tí à ń pè ní yùríà máa ń yọ́ bá omi òjò lọ bá gbòǹgbò. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó bá wà ni ó máa ń dì mọ́ erùpẹ̀, pàápàá erùpẹ̀ pupa bí irú èyí. Gbòǹgbò ni ó gbọ́dọ̀ rìn lọ bá a. Bí a bá gé gbòǹgbò, a gé ẹsẹ̀ àgbàdo nìyẹn. Oúnjẹ wà nínú ilé, ẹni tí ebi ń pa kò lè dé ìdí ìkòkò."

Ó fi ìka tọ́ àwọn gbòǹgbò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ní àwọn wọ̀nyí, àti irun kéékèèké tí ó wà lára wọn tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ni ó ń wọ àárín erùpẹ̀ lọ wá oúnjẹ náà. Ó ní ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ẹbí olú, ṣùgbọ́n tí kì í yọ sókè bí olú tí à ń jẹ. Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé. Òwú rẹ̀ a so mọ́ gbòǹgbò, a sì nà dé ibi tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ kò lè dé. Ó ń bá àgbàdo wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àgbàdo náà sì ń fún un ní díẹ̀ nínú adùn ara rẹ̀. Ọkọ́ tí ó bá ń yí ilẹ̀ padà nígbà gbogbo ń já òwú náà.

Mùkáílà bèèrè nípa súpà tí òun wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì sọ fún un pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ó wọ́n ọn sí, orí ilẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jókòó sí.

"Òtílí wá ńkọ́?" ni Kùdírátù bèèrè. Kò lè pa á mọ́ra.

Ọkùnrin náà ní gbòǹgbò òtílí máa ń lọ jinlẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti ṣàkíyèsí pé irúgbìn tí ó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà máa ń tú omi kíkan díẹ̀ sí ilẹ̀ tí ó yí gbòǹgbò wọn ká. Omi kíkan náà a máa tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀ lára erùpẹ̀ tí ó dì í mú. Bí ewé òtílí bá rẹ̀ sílẹ̀ tí ó jẹrà, àgbàdo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a jẹ nínú rẹ̀. Ó ní òun kò tíì lè sọ pé wọ́n ti mọ gbogbo bí ó ti ń ṣe é tán, ṣùgbọ́n ojú ti rí ohun tí ó ń ṣe.

Mùkáílà gbójú sókè sí Bàbá Bùràímọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ ni mo fi ro oko."

Àgbàlagbà náà fi ọ̀pá họ ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Mo bèèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní kí o ro oko ni, Mùkáílà. N kò ní kí o máa wa wúrà."

Ẹ̀rín pa Kùdírátù, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Bùràímọ̀ sọ pé òun náà ti sọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé kò sí ẹni tí ó fi nǹkan sí oko Mùkáílà. Jímọ́ọ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ náà láti àárọ̀ ọjọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì ní kí ọkọ́ má wọ inú àgbàdo náà mọ́. Kí wọ́n fi ọwọ́ tu koríko tàbí kí wọ́n fi àdá gé e lórí ilẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ kí ó jẹrà. Kí wọ́n fi igi lu ihò kékeré ní ẹ̀gbẹ́ kan ìdí àgbàdo, kí wọ́n fi ìwọ̀nba súpà sínú rẹ̀, kí wọ́n sì bò ó. Ó ní ewé tí ó ti di àlùkò lè má padà. Ewé tuntun ni kí wọ́n máa wò.

Mùkáílà bèèrè ohun tí òun yóò máa ṣe lẹ́yìn èyí.

"Ẹ óò dúró," ni ọkùnrin náà wí, ó sì gbé alùpùpù rẹ̀ lọ.

Ìdúró náà ni ó ṣòro jù. Mùkáílà rò pé bí òun kò bá gbé ọkọ́, ọ̀lẹ ni òun. Ó ń lọ sí oko, ó ń bọ̀. Ó tọ́jú àpò ìrìn-àjò rẹ̀, ó tún tú u. Nígbà tí ọkọ̀ Àbíjàn ń kó èrò, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé àyè rẹ̀ wà nílẹ̀. Kùdírátù bá a nínú yàrá, aṣọ wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Ó ní, "Bàbá Àmínátù, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dúró tì mí. Mo ti mọ bí a ti ń gbé láìrí yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ gé ẹsẹ̀ àgbàdo yẹn. Ẹ má ṣe lọ kí ẹ tó mọ̀ bóyá yóò tún rìn."

Mùkáílà fi aṣọ náà sílẹ̀, ó jáde. Nígbà tí ó dé láti oko, ọkọ̀ ti lọ. Ó ní ewé kan ti ń yọ ní àárín àwọn àgbàdo kan, ewé náà sì tutù, àfi kí Kùdírátù wá wò ó fúnra rẹ̀ nítorí ojú òun lè máa tan òun jẹ.

Ojú rẹ̀ kò tàn án jẹ. Kì í ṣe gbogbo oko ni ó padà bọ̀ sípò. Apá ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó ro jù kí Bàbá Bùràímọ̀ lè rí i, kò yọ ọmọ kan tí ó tó jẹ. Ṣùgbọ́n ìyókù gbó, wọ́n sì rí èyí tí wọ́n jẹ àti èyí tí wọ́n so rọ̀ sí òkè ààrò fún irúgbìn. Mùkáílà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ Jímọ́ọ̀. Nígbà tí òjò mìíràn dé, ó ní kí Kùdírátù fún òun ní irúgbìn òtílí, òun ni ó sì gbìn ín sí àárín oko, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, yálà ní ìlú Ara ni ẹ wà, tàbí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tàbí ibikíbi tí ẹ ti ń dá oko, bí ẹ bá rí àwọ̀ àlùkò lára ewé àgbàdo yín, ẹ má ṣe wá ọ̀tá, ẹ má sì ṣe sáré gbé ọkọ́. Ẹ gbẹ́ igi kan jáde tìṣọ́ratìṣọ́ra kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó súnmọ́ yín. Ẹ ro oko ní kùtùkùtù, kí gbòǹgbò tó tàn. Lẹ́yìn náà, orí ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa họ. Súpà kì í ṣe ohun tí à ń wọ́n sórí ilẹ̀. Ibi tí gbòǹgbò lè dé ni kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ sí. Ẹ fi òtílí tàbí ẹ̀wà mìíràn bá àgbàdo kẹ́gbẹ́. Koríko tí ẹ bá gé, ẹ má ṣe dáná sun ún.

Iṣẹ́ púpọ̀ wà tí àgbẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún àgbàdo. Wíwá oúnjẹ nínú ilẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Gbòǹgbò ni ó ni iṣẹ́ yẹn. Ẹ fún un láyè kí ó ṣe é.